Ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́: ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an ni kò ní ìdáríjì?

Ẹni tí ìbẹ̀rù yìí bá mú kì í sábà sọ ọ́ síta. Ó lè wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn tí ń gbàdúrà, kí ọ̀rọ̀ burúkú kan nípa Ẹ̀mí Mímọ́ ṣàdédé já wọ inú ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò pè, tí kò fẹ́, tí ó sì kórìíra. Yóò mi orí bí ẹni tí eṣinṣin bà lé lójú, yóò tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò tún padà wá, títí àwọn yòókù yóò fi ṣe àmín tí òun kò tíì kúrò lórí gbólóhùn àkọ́kọ́. Bí ó bá délé, yóò ṣí Bíbélì sí ìwé Mátíù orí 12, ẹsẹ 31 àti 32, níbi tí Jésù ti sọ pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òdì ni a ó dárí rẹ̀ ji ènìyàn, àfi ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́, èyí tí a kì yóò dárí rẹ̀ jì í ní ayé yìí tàbí ní ayé tí ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ọ̀ràn òun ti parí.

Ó yẹ kí a fi sùúrù wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà bà á jẹ́. Àwọn kan máa ń sáré tu ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú pé kí ó má dààmú, aláàánú ni Ọlọ́run, bí ẹni pé ẹsẹ Bíbélì náà kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn máa ń ka ẹsẹ náà sókè láìṣe àlàyé kankan, wọn yóò sì fi onítọ̀hún sílẹ̀ kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ibi tí ó ti kọjá ààlà. Èmi kò rí èyí tí ó dára nínú méjèèjì. Òtítọ́ ni ìkìlọ̀ náà, ó sì ní ẹni tí ó ń bá wí. Ohun tí ó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ẹni tí kò bá wí ni ó sábà máa ń gbọ́ ọ, ẹni tí ó ń bá wí gan-an kì í sì í gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ tí Jésù sọ ọ́. Mátíù sọ pé wọ́n mú ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹ̀mí èṣù ń dà láàmú, tí kò ríran, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Jésù wò ó sàn, ojú rẹ̀ là, ó sì fọhùn. Ẹnu ya àwọn èrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá Ọmọ Dáfídì, ẹni tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́, ni èyí. Nígbà tí àwọn Farisí gbọ́ ìbéèrè yẹn, wọ́n yára dáhùn pé agbára Béélísébúbù, olórí àwọn ẹ̀mí èṣù, ni ó fi ń lé àwọn ẹ̀mí èṣù jáde. Máàkù, tí ó kọ nípa ẹ̀sùn kan náà ní orí 3, fi kún un pé àwọn akọ̀wé tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ti Jerúsálẹ́mù sọ̀kalẹ̀ wá. Wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan tí ń kọjá lọ. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ́ ìwé Òfin, kí wọ́n sì là á yé àwọn ènìyàn ni wọ́n, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá iṣẹ́ Ọlọ́run mọ̀ bí ó bá dé.

Ẹ kíyè sí i pé wọn kò jiyàn pé ọkùnrin náà kò sàn. Ó dúró níwájú wọn, ó ń wò wọ́n lójú, ó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà pé agbára kan tí ó ju ti ènìyàn lọ ti ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ̀ láti gbà ni pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni agbára náà ti wá, nítorí pé bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní láti gba Jésù pẹ̀lú. Jésù sì kọ́kọ́ bá wọn fi òye sọ ọ́: ìjọba tí ó bá ń bá ara rẹ̀ jà kò lè dúró, Sátánì kò sì ní máa lé Sátánì jáde, bí ó bá sì jẹ́ pé nípa Béélísébúbù ni òun fi ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, nípa ta ni àwọn ọmọ tiwọn fi ń lé wọn jáde? Lẹ́yìn tí ó ti bá wọn rò ó báyìí tán ni ó tó kìlọ̀. Máàkù kò sì fẹ́ kí a máa méfò nípa ìdí ìkìlọ̀ náà, nítorí náà ó sọ ọ́ gbangba ní ẹsẹ 30 pé ó jẹ́ nítorí tí wọ́n ń wí pé Jésù ní ẹ̀mí àìmọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì tí ó lò níbẹ̀, elegon, jẹ́ irú èyí tí a lè fi sọ ohun tí ń lọ lọ́wọ́, ohun tí a ń wí tí a kò dákẹ́, tí ó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín ju bí a ti máa ń rò lọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, blasphemia, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìbanijẹ́ àti sísọ̀rọ̀ ẹni láìdáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òdì ni àwọn atúmọ̀ pè é. Ẹni tí ó bá wọ ẹ̀wù ní òdì, ẹ̀wù kan náà ni ó wọ̀. Inú rẹ̀ ni ó kọ sí ìta. Ohun tí àwọn akọ̀wé ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n rí iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ bí ó ti mọ́ tó, wọ́n yí i sí òdì, wọ́n sì fi han àwọn èrò pé bí ó ti rí nìyẹn. Wòlíì Aísáyà ti kígbe ègbé lé irú wọn lórí tipẹ́, àwọn tí ń pe ibi ní rere, tí ń pe rere ní ibi, tí ń fi òkùnkùn ṣe ìmọ́lẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 8 tí ó fi bí ọ̀rọ̀ wọn ti wúwo tó hàn. Nígbà tí Áárónì fi ọ̀pá lu erùpẹ̀ ilẹ̀ Éjíbítì tí erùpẹ̀ náà sì di kòkòrò tí ń jẹ ènìyàn àti ẹran, àwọn onídán Fáráò gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀, wọn kò lè ṣe é, ni wọ́n bá sọ fún ọba pé ìka Ọlọ́run ni èyí. Nígbà tí Lúùkù wá ń ròyìn èsì Jésù lórí ọ̀ràn Béélísébúbù ní orí 11, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni ó kọ sílẹ̀: ìka Ọlọ́run ni Jésù ní òun fi ń lé àwọn ẹ̀mí èṣù jáde, níbi tí Mátíù ti kọ ọ́ pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ni. Onídán ààfin Fáráò rí ìka Ọlọ́run, ó mọ̀ ọ́n, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ Òfin rí i, ó pè é ní ọwọ́ èṣù.

Ohun tí ó tún máa ń rú àwọn ènìyàn lójú ni pé Jésù sọ pé a ó dárí ji ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ òdì sí Ọmọ-Ènìyàn. Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ wá ga ju Ọmọ lọ ni? Rárá. Ẹ wo bí Jésù ti rí lójú àwọn tí ó wà láyé nígbà náà: ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, tí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹni tí ebi ń pa, tí oorun ń kùn nínú ọkọ̀ ojú omi. Ènìyàn lè ṣì í mú. Ní ibi tí wọ́n ti kàn án mọ́ àgbélébùú pàápàá, ó bẹ Baba pé kí ó dárí jì wọ́n nítorí pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ ni ẹni tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú, tí ń fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ hàn án gẹ́gẹ́ bí Jòhánù orí 16 ti wí, tí sì ń là á lójú kí ó lè mọ ẹni tí Jésù jẹ́. Ẹni tí ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé Ọlọ́run ni ń sọ̀rọ̀, tí ó sì pinnu láti máa pe ohùn náà ní ohùn èṣù, ọ̀nà wo ni ìrònúpìwàdà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? A lè jí ẹni tí ó sùn, ṣùgbọ́n a kì í jí apirọrọ. Kì í ṣe pé àánú Ọlọ́run kúrú débẹ̀. Onítọ̀hún ni ó ti sọ ẹni tí ń mú àánú bọ̀ di ọ̀tá.

Láti ayébáyé ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń jiyàn lórí bí a ó ti sọ ọ́ gan-an. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ẹni tí ó kú ní ọdún 430, gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kí ènìyàn kọ̀ láti ronú pìwà dà títí ikú yóò fi dé, nítorí náà a kò lè nawọ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó ṣì wà láàyè pé ó ti dá a. Àwọn mìíràn, tí John Calvin wà lára wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, tẹnu mọ́ ọn pé ìmọ̀ọ́mọ̀ tako òtítọ́ tí Ẹ̀mí ti mú kí ó dá ènìyàn lójú ni. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ìgbà tí Jésù wà lórí ilẹ̀, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìyanu lójú àwọn ènìyàn, nìkan ni ẹnikẹ́ni lè dá a. Lójú tèmi, èrò ti Augustine àti èyí tí ó tẹ̀ lé e pàdé lọ́nà, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ tako ìmọ́lẹ̀ títí dé irú ìwọ̀n yẹn kì í wá ìdáríjì. Èrò kẹta ni ó ṣòro fún mi láti gbà, nítorí pé Lúùkù orí 12 gbé ọ̀rọ̀ yìí kan náà sí àárín ìkìlọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn nípa ọjọ́ tí a ó mú wọn lọ síwájú àwọn alákòóso, ọjọ́ tí ń bọ̀ wá ní iwájú.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ yìí bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ènìyàn fi ẹnu sọ lásán, Pétérù ni ìbá kọ́kọ́ ṣègbé. Ní àgbàlá olórí àlùfáà, níbi tí ó ti ń yáná, ìránṣẹ́bìnrin kan tọ́ka sí i, ó sẹ́. A tún tọ́ka sí i, ó tún sẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Máàkù sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè, ó sì ń búra pé òun kò mọ ọkùnrin náà. Ìkìlọ̀ ọkùnrin tí ó lóun kò mọ̀ yìí ṣì wà ní etí rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ iná ẹ̀yín mìíràn, ní etí òkun Tìbéríà, Jésù bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ó fẹ́ràn òun, ó sì fi àwọn àgùntàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀ràn Pọ́ọ̀lù tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Sítéfánù dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní Jerúsálẹ́mù, ó sọ fún wọn lójú ara wọn pé nígbà gbogbo ni wọ́n ń tako Ẹ̀mí Mímọ́, bí àwọn baba wọn ti ṣe. Wọ́n wọ́ ọ jáde sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sọ ọ́ ní òkúta, wọ́n sì kó aṣọ wọn jọ síbi ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sọ́ọ̀lù, ẹni tí ó fọwọ́ sí ikú náà. Sọ́ọ̀lù yìí ni ó wá di Pọ́ọ̀lù, tí ó kọ̀wé sí Tímótì pé asọ̀rọ̀-òdì ni òun tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n a ṣàánú fún òun nítorí pé nínú àìmọ̀ àti àìgbàgbọ́ ni òun fi ṣe é. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, ọba Mánásè, tí ó jọba ní Jerúsálẹ́mù fún ọdún 55, sun àwọn ọmọ ara rẹ̀ nínú iná fún òrìṣà. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ sí Bábílónì, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Kíróníkà kejì orí 33 ti ròyìn. Ìpànìyàn, panṣágà, oyún ṣíṣẹ́, ìkọ̀sílẹ̀, pípa ara ẹni: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Bíbélì pè ní ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn bí ẹni pé ó wà ní àkọsílẹ̀. Ananíà àti Sàfírà purọ́ fún Ẹ̀mí Mímọ́, wọ́n sì kú, ṣùgbọ́n Lúùkù tí ó kọ ìtàn náà kò fi orúkọ yìí pe irọ́ wọn.

Lẹ́yìn Mátíù, ibi tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tún máa ń sá lọ ni ìwé sí àwọn Hébérù orí 6, tí ó sọ pé kò ṣeé ṣe láti tún mú àwọn tí a ti là lójú rí, tí wọ́n ti di alábàápín Ẹ̀mí Mímọ́, tí wọ́n sì ṣubú kúrò, padà sí ìrònúpìwàdà. Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà kà dáadáa. Ohun tí ó ní kò ṣeé ṣe ni láti mú wọn ronú pìwà dà. Kò sọ níbì kankan pé ẹnì kan ronú pìwà dà tí Ọlọ́run sì lé e padà. Ìṣubú tí ó ń wí sì ni ti ẹni tí ó kọ Kristi sílẹ̀ ní gbangba, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ kan Ọmọ Ọlọ́run mọ́ àgbélébùú lẹ́ẹ̀kejì. Kété lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà, ní ẹsẹ 9, òǹkọ̀wé yìí kan náà pe àwọn tí ó ń kọ̀wé sí ní olùfẹ́, ó sì ní òun gbàgbọ́ pé ohun tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lára wọn. Ní ti Ísọ̀, tí orí 12 sọ pé ó fi omijé wá a tí kò sì rí i, Jẹ́nẹ́sísì orí 27 fi hàn pé ìbùkún tí àbúrò rẹ̀ ti gbà lọ ni ó ń sunkún fún. Bóyá ẹni tí ó ti gba ìgbàlà nítòótọ́ lè ṣubú pátápátá jẹ́ àríyànjiyàn mìíràn tí àwọn ìjọ kò tíì fẹnu kò lé lórí, kò sì pọn dandan kí a yanjú rẹ̀ kí a tó lóye ibí yìí.

Ìjọ ti fìgbà kan rí dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí láìsí ibi tí ó lè yà sí. Ní ọdún 250, Decius, olú-ọba Róòmù, pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti rúbọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ onígbàgbọ́ rúbọ nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn mìíràn fi owó ra ìwé ẹ̀rí láìrúbọ. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n padà wá sí ẹnu ọ̀nà ìjọ, wọ́n ń sunkún. Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, kọ̀ jálẹ̀ pé ìjọ kò ní agbára láti gbà wọ́n padà, ó sì ya ìjọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọdún 251. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àti Cornelius, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, gbà pé kí a gbà wọ́n padà lẹ́yìn ìrònúpìwàdà tí a rí. Ìpàdé Nicaea ti ọdún 325 fọwọ́ sí èyí ní òfin rẹ̀ kẹjọ: bí àlùfáà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Novatian bá fẹ́ padà, ó ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò máa bá àwọn tí wọ́n ti ṣubú nígbà inúnibíni jẹ oúnjẹ Olúwa pọ̀. Àwọn wọ̀nyí ti sẹ́ Kristi ní gbangba, lójú àwọn ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Èrò tí ó ya wọ inú ọkàn ènìyàn láìjẹ́ pé ó pè é, tí ó sì ń kó o nírìíra, yàtọ̀ sí ìpinnu. Àwọn akọ̀wé kò gbọ̀n jìnnìjìnnì nítorí ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. John Bunyan, oníwàásù ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi títún ìkòkò ṣe jẹun, tí wọ́n sì tì mọ́lé fún ọdún 12 nítorí ìwàásù, ròyìn bí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti dá a lóró nígbà èwe rẹ̀. Ohùn kan ń sọ fún un tọ̀sántòru pé kí ó ta Kristi. Kò lè jẹun, kò lè bẹ̀rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kò lè la igi, kí ohùn náà má sọ pé kí ó ta Kristi nítorí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ó ń dáhùn pé òun kò ní tà á, títí ó fi di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó rẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn, tí ó sì rò nínú ara rẹ̀ pé kí Kristi máa lọ bí ó bá fẹ́. Ó gbà lójú ẹsẹ̀ pé òun ti di Ísọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé e pé òdodo tí òun ń wá nínú ara òun wà ní ọ̀run, lọ́dọ̀ Kristi, níbi tí èrò búburú òun kò lè dé.

Ohun tí èmi máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gùn. Má ṣe tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀. Parí rẹ̀, kí o sì dìde. Má ṣe máa bá èrò náà jà tàbí kí o máa wádìí ọkàn rẹ wò ní gbogbo ìgbà bóyá o fọwọ́ sí i, nítorí pé bí o bá ti ń lé e tó ni yóò máa padà wá tó. Sọ ọ́ fún olùṣọ́-àgùntàn tí ó ní sùúrù, ẹni tí kò ní pariwo lé ọ lórí. Bí ó bá sì ti di ohun tí ń gba oorun lójú rẹ, lọ rí dókítà, nítorí pé àìsàn kan wà tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa, nínú èyí tí èrò tí ènìyàn kò fẹ́ máa ń ya bò ó, tí yóò sì máa tún ohun kan náà ṣe léraléra kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ̀sìn ni ó sábà máa ń gbà wọlé sára olùfọkànsìn, ìtọ́jú sì wà fún un. Kò sí ìtìjú nínú kí onígbàgbọ́ gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ìlò mìíràn tún wà tí a ń fi ẹsẹ yìí lò, èyí tí ó ń bí mi nínú, kí n má parọ́. Àwọn òjíṣẹ́ kan máa ń fi í ṣe pàṣán: ẹni tí ó bá béèrè bóyá ìwòsàn tí wọ́n kéde ṣẹlẹ̀ nítòótọ́, tàbí tí ó bá ní òun kò gba àsọtẹ́lẹ̀ kan gbọ́, wọn yóò ní kí ó ṣọ́ra kí ó má baà sọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́. Bíbélì kò fún wọn ní àyè bẹ́ẹ̀. Jòhánù sọ nínú ìwé rẹ̀ kìíní orí 4 pé kí a má ṣe gba gbogbo ẹ̀mí gbọ́, ṣùgbọ́n kí a dán wọn wò. Pọ́ọ̀lù, nígbà tí ó sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má ṣe pa iná Ẹ̀mí, ẹsẹ kan péré ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà àti àṣẹ pé kí wọ́n dán ohun gbogbo wò. Mósè ti sọ fún Ísírẹ́lì ní Diutarónómì orí 13 pé wòlíì lè ṣe àmì tí yóò sì ṣẹ, kí ó sì tún máa mú wọn lọ sẹ́yìn ọlọ́run mìíràn. Ẹni tí ó ń wádìí nítorí pé ó fẹ́ mọ òtítọ́ àti ẹni tí ó ti mọ òtítọ́ tí ó ń bà á lórúkọ jẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè béèrè ìbéèrè kan náà.

Bí a bá wá bi mí léèrè ẹni tí ó yẹ kí ẹsẹ yìí dẹ́rù bà, èmi yóò wá a láàárín àwọn tí ó sún mọ́ ìwàásù jù. Yóò jẹ́ ẹni tí ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, tí ó ní ipò tí ó ń dáàbò bò, tí ó rí i tí Ọlọ́run ń lo ẹlòmíràn tí kò fẹ́ràn, tí ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé òtítọ́ ni, síbẹ̀ tí ó ń dìde lójoojúmọ́ láti sọ fún àwọn èrò pé iṣẹ́ èṣù ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ bẹ́ẹ̀ lè dùn ún. Ìgbà kẹwàá lè má dùn ún mọ́. Ìwé Ẹ́kísódù fi hàn pé Fáráò sé ọkàn ara rẹ̀ le lẹ́yìn ìyọnu àwọn ọ̀pọ̀lọ́, ó tún sé e le lẹ́yìn ìyọnu àwọn eṣinṣin, kí a tó kà á ní orí 9 pé Olúwa sé ọkàn rẹ̀ le. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bóyá àwọn akọ̀wé tí Jésù bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí tán, tàbí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún lọ sí etí rẹ̀ ni. Jésù kìlọ̀ fún wọn, kò sì sọ pé ó ti bọ́.

Nínú Máàkù orí 3 yìí kan náà, kí àwọn akọ̀wé tó la ẹnu, àwọn ará ilé Jésù ti jáde wá láti mú un lọ sílé, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà, ìyá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dúró níta, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Jòhánù orí 7 sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn arákùnrin rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jésù ti gòkè re ọ̀run, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì kó ara wọn jọ sí yàrá òkè ní Jerúsálẹ́mù láti dúró de Ẹ̀mí Mímọ́ tí ó ṣèlérí, Lúùkù ka orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní orí kìíní Ìṣe Àwọn Àpósítélì. Ó dárúkọ Pétérù tí ó ṣépè tí ó sì búra, ó dárúkọ Màríà ìyá Jésù, ó sì fi kún un pé àwọn arákùnrin Jésù wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.